Nọ́mbà Rẹ Kì í Ṣe Ipò Rẹ

Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Pleasure, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KTU. Ìkọ̀tún ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn ń tọ́ka sí, òun sì ni àmì ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lára nọ́mbà ọkọ̀. Kí àjọ FRSC tó yí nọ́mbà ọkọ̀ padà ní 2011, ìparí ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ní báyìí, iwájú ló wà, nọ́mbà mẹ́ta tẹ̀lé e, lẹ́tà méjì sì kádìí rẹ̀.

Ká ní 017 ni nọ́mbà mẹ́ta náà. Báwo la ó ṣe pè é ní Yorùbá? Ẹlòmíràn á ní "ọkọ̀ kẹtàdínlógún." Àṣìpè ni, ó sì yẹ ká mọ ìdí rẹ̀.

Nọ́mbà kan náà ní ju ẹ̀dà kan lọ lẹ́nu wa. Bí a bá ń kà lásán, a ó ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí a bá ń sọ iye, ilé méjì, ilé mẹ́ta ni. Ti ipò ni ilé kejì, ilé kẹta. Bó bá jẹ́ iye ìgbà, a ó ní a lọ lẹ́ẹ̀mejì, a lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí àgbà Yorùbá tó ń ṣi ìwọ̀nyí lò lọ́jà. Ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń dojú rú.

Ká mú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ń forúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pamọ́ sínú dátábéèsì. Orúkọ ènìyàn méjì lè bára mu, nọ́mbà fóònù sì lè yí padà. Nítorí náà, ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ náà gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà tirẹ̀. AUTO_INCREMENT ni dátábéèsì MySQL ń pe ohun tó ń pín in. SERIAL tàbí IDENTITY ni ti PostgreSQL. A kì í fi iṣẹ́ yìí lé akọ̀wé lọ́wọ́. Bí akọ̀wé méjì bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn méjèèjì wo ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì rí i pé 16 ló kẹ́yìn, àwọn méjèèjì ni yóò fún ẹni tó wà níwájú wọn ní 17. Dátábéèsì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti fún ẹnì kan ní 17, 18 ló kù fún ẹni tó kàn, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni wọ́n dé.

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ AUTO_INCREMENT, ó rọrùn láti sọ pé irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ "ń ṣẹ̀dá ara rẹ̀," ṣùgbọ́n kò bá etí mu. *Lé* ni ọ̀rọ̀ tí a ní fún un: nọ́mbà náà ń fi oókan lé ara rẹ̀. *Lé* yìí náà ló wà nínú mọ́kànlélógún, bí *dín* ṣe wà nínú mẹ́tàdínlógún.

Bí ẹni tó gba 17 bá ń forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ kò wọlé, dátábéèsì á fagi lé gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba 17 padà. Ẹni tó kàn á gba 18. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá sì kúrò, tí wọ́n pa ìlà rẹ̀ rẹ́, àlàfo ló máa wà níbẹ̀. Ẹni tó ní 18 lè jẹ́ ẹnì kẹtàdínlógún, ó sì lè jẹ́ ẹnì kẹwàá. Láti 1970 tí Edgar Codd ti ilé-iṣẹ́ IBM ti gbé ìlànà irú àtẹ yìí kalẹ̀, ìlà inú rẹ̀ kò ní tẹ̀léǹtẹ̀lé kankan. Ta ni yóò wá máa wá ẹ̀kẹta níbi tí kò sí èkíní?

Àwọn baba wa mọ irú nǹkan báyìí. Ọmọ tí a bí tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ni. Èyí tó tẹ̀lé Ìdòwú ni Àlàbá, Ìdògbé ló tún kàn. Bí Ìdòwú bá ṣaláìsí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Àlàbá kò ní tìtorí ìyẹn di Ìdòwú. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wáyé ni wọ́n fi gba orúkọ, orúkọ náà kò sì ní sọ iye ọmọ tó wà nílé fún ọ. MySQL pàápàá kùnà níbí fún ìgbà pípẹ́: bí wọ́n bá pa nọ́mbà tó ga jù rẹ́, tí wọ́n sì tún ẹ̀rọ náà tàn, ó lè fi nọ́mbà ẹni tó ti lọ fún àlejò. Ẹ̀dà 8.0, tó jáde ní 2018, ló tún un ṣe.

Orúkọ ni nọ́mbà ìdánimọ̀, nítorí náà òǹkà lásán ló bá a mu: ọmọ ẹgbẹ́ tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ ẹẹ́tàdínlógún. Ti ọkọ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: òdo, oókan, eéje. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè ojúlé kejìlá tí a ń kọ sórí lẹ́tà. Èmi kò bá a jà; bí ilé ṣe tò lójú pópó ni wọ́n fi fún wọn ní nọ́mbà, ipò ló sì ń sọ.

Iye pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kàndínlógún la ń wí, ṣùgbọ́n bó bá di 20, ogún ọmọ ẹgbẹ́ ni, nọ́mbà ló ń ṣíwájú. Ẹni tó bá to gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo iye yóò kọ Yorùbá tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ń fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ sójú áàpù àti sórí rìsíìtì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "oníbàárà kẹtàdínlógún" mọ́. "Nọ́mbà oníbàárà: 17" ni kí ẹ kọ, kí ẹni tó bá ń kà á sókè sì pè é ní ẹẹ́tàdínlógún.