ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: ARIWO ỌKỌ̀ BỌ̀GÌNNÌ ÀTI OHUN TÍ Ó Ń SỌ

Àròkọ alálàyé ni èyí tí a fi ń la nǹkan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A kì í pa ìtàn níbẹ̀, a kì í sì í jiyàn. Ẹni tó bá ka àròkọ rẹ tán gbọ́dọ̀ lè bọ́ sídìí iṣẹ́ tí o ṣàlàyé, kí ó sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí o ti wí.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá a máa sá fún orí-ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n rò pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó lè gbé e. Ìrò wọn kò tọ̀nà. Èdè tó ní gbì, gbàgà, hùù àti kẹ́kẹ́ kò lè ṣaláì rí ọ̀rọ̀ sọ nípa ariwo mọ́tò. Ka ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, ìwọ náà yóò rí i.

ÌBÉÈRÈ

Kọ àròkọ tí ó ṣàlàyé bí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì àlòkù ṣe lè mọ àìsàn rẹ̀ láti inú ariwo rẹ̀ àti láti ara rẹ̀.

A. ÒYE ÌBÉÈRÈ

Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè yìí pín sí: èkíní ni ariwo, èkejì ni ara ọkọ̀. Bí o bá kọ ọ̀kan tí o fi èkejì sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni o ṣe. A kò ní kí o yin ọkọ̀, a kò sì ní kí o sọ bí bàbá rẹ ṣe ra tirẹ̀.

Nígbà tí o bá ń ṣàlàyé ariwo kọ̀ọ̀kan, rántí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ÌRÓ, ÌGBÀ, IBI, ÌDÍ. Báwo ni ó ṣe ń dún? Ìgbà wo ni ó ń dún? Ibo ni ó ti ń dún? Kí ni ó fà á? Ìdí ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fò mọ́ ìdí láìtíì sọ mẹ́ta ìṣáájú, ó ti dájọ́ láìgbọ́ ẹjọ́. Wo gbólóhùn méjì yìí:

(i) Bí mọ́tò bá ń pariwo, gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ ti bàjẹ́.

(ii) Bí ọkọ̀ bá dún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí a gbé gíà láti iwájú sí ẹ̀yìn, kí a kọ́kọ́ wo rọ́bà tó wà lórí ọ̀pá pùrọ̀pẹ́là.

Gbólóhùn kìíní lè mú kí wọ́n sọ gíàbọ́ọ̀sì tó dá ṣáṣá kalẹ̀, kí wọ́n sì ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà ni ó sán. Owó gíàbọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹgbẹ́ owó rọ́bà. Gbólóhùn kejì ni èyí tó ń ran olùkà lọ́wọ́.

B. ÌLAPA ÈRÒ

(i) Ìfáàrà: ìdí tí ó fi yẹ kí a tẹ́tí sí ọkọ̀ kí a tó sanwó.
(ii) Ọ̀nà tí agbára ń gbà láti ẹ́ńjìnnì dé táyà.
(iii) Bí a ṣe ń ya ariwo ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀.
(iv) Ariwo mẹ́rin àti ohun tí ó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan.
(v) Àléébù ara ọkọ̀.
(vi) Ìkádìí.

D. ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Bí A Ṣe Lè Mọ Àìsàn Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi owó tí wọ́n tọ́jú jọ fún ọdún pípẹ́ ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì, tí ọkọ̀ náà sì di ẹrù sí wọn lọ́rùn láàárín oṣù mélòó kan. Orúkọ ńlá ni wọ́n rà. Wọn kò gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń wí. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọkọ̀ tó ń dán gbinrin lóde lè ní àrùn lábẹ́, àrùn náà a sì máa pariwo kí ó tó dáni dúró sọ́nà.

Kí a tó lè mọ ibi tí ariwo ti ń wá, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí agbára ń gbà dé ọ̀dọ̀ táyà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ Mercedes-Benz tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní V-boot ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ṣe láti òpin ọdún 1984 títí di ọdún 1995. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ni ó ń tì í lọ. Agbára ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú gíàbọ́ọ̀sì. Láti ibẹ̀, ọ̀pá irin gígùn tí à ń pè ní pùrọ̀pẹ́là ń gbé e gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sínú àpótí irin ẹ̀yìn, èyí tí ó ń pín in fún táyà méjèèjì. Rọ́bà róbótó kan wà ní ìpẹ̀kun pùrọ̀pẹ́là níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, béárìn tí rọ́bà gbé dúró sì di ọ̀pá náà mú láàárín.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ya ariwo ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀. Kí ọkọ̀ dúró lójú kan, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí gíà wà ní P, kí a sì rọra tẹná. Bí ariwo náà bá ń dún níbẹ̀, tó sì ń ga bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni kí a kọ́kọ́ wá a lọ. Bí kò bá dún àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, tó sì ń tẹ̀lé eré táyà, ó ṣeé ṣe kí ó wà láàárín gíàbọ́ọ̀sì àti táyà. Ènìyàn méjì ló yẹ kó ṣe ìdánwò yìí: kí ẹnì kan máa wa ọkọ̀, kí ẹnì kejì máa tẹ́tí. Kí wọ́n pa rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù.

Ariwo kìíní ni gbì. A máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí a bá gbé gíà láti iwájú sí ẹ̀yìn, tàbí nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Rọ́bà pùrọ̀pẹ́là tó ti sán ni kí a kọ́kọ́ fura sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé lè fa irú rẹ̀. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá tún ń gbọ̀n rìrì nígbà tí eré bá pọ̀, béárìn àárín ni kí a yẹ̀ wò. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi falẹ̀. Bí rọ́bà náà bá já pátápátá lórí eré, pùrọ̀pẹ́là lè máa na abẹ́ ọkọ̀ títí yóò fi ba ohun tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́, ọkọ̀ a sì dákú sójú títì márosẹ̀.

Ariwo kejì ni hùùù, bí ọkọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ lókèèrè. Bí eré bá ti ń pọ̀ ni òun náà ń pọ̀. Táyà tó jẹ láìdọ́gba tàbí béárìn táyà ló sábà máa ń fà á. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà nígbà tí a kúrò lórí títì gbàgẹrẹ bọ́ sórí títì dídán, táyà ni kí a wò. Bí kò bá yí padà, kí a wá ibi tí títì ti ṣófo, kí a rọra yà díẹ̀ sí òsì, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún. Nígbà tí a bá yà sí òsì, ìwúwo ọkọ̀ yóò tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ariwo bá pọ̀ sí i nígbà náà, béárìn ọ̀tún ni kí a fura sí.

Ariwo kẹta ni wììì, tó tinrín bí ohùn ẹ̀fọn, láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ó bá ń dún nígbà tí a tẹná, tó sì yí ohùn padà tàbí tó dákẹ́ nígbà tí a gbé ẹsẹ̀ kúrò, eyín irin inú àpótí ẹ̀yìn ni kí a fura sí. Kí a wò bóyá òróró inú rẹ̀ ń jò. Bí òróró bá dín, eyín irin a máa jẹ ara wọn. Bí wọ́n bá sì ti jẹ, òróró tuntun kò lè dá wọn padà.

Ariwo kẹrin ni kẹ́, kẹ́, kẹ́, nígbà tí a bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, tí a sì ń yà jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, bíi Lexus ES 300, ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Oríkèé ọ̀pá tó wà nítòsí táyà ló ti jẹ. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, a lè rí i pé rọ́bà tó bò ó ti ya, gíríìsì inú rẹ̀ sì ti tú dànù.

Lẹ́yìn etí ni ojú. Àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Bí ọ̀kan bá gba ìka tí èkejì kò gba èékánná, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti forí sọ nǹkan rí. Ọ̀dà tó ta sára rọ́bà ilẹ̀kùn jẹ́rìí pé wọ́n ti tún ọkọ̀ náà kùn. Kí a ká rọ́ọ̀gì sókè, kí a fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tutù, omi ti wọlé. Bí òrùlé ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ èyí tó ń ṣí, ihò tí omi ń gbà jáde níbẹ̀ lè ti dí. Àléébù mìíràn láti ilé-iṣẹ́ ni ó ti wá. Lára V-boot tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1993 sí 1995, awọ wáyà ẹ́ńjìnnì a máa gbẹ, a sì máa ré bí èèpo ẹ̀pà. Ìpẹtà ni ó máa ń da E-Class tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1995 láàmú. Orúkọ ńlá kò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àléébù.

Ní ìkádìí, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tó bá fi ìdajì wákàtí tẹ́tí sí ọkọ̀, tó sì wo ara rẹ̀ fínnífínní kí ó tó sanwó, ó lè gba owó rẹ̀ àti ẹ̀mí rẹ̀ là.

E. ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

(i) Ìpínrọ̀ kan ni a fún ariwo kan. Bí o bá da méjì pọ̀, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ olùkà lójú.

(ii) Ọ̀rọ̀ tó ń fara wé ìró nìkan kò tó. Wò ó pé lẹ́yìn hùùù ni a fi ọkọ̀ òfurufú kún un, lẹ́yìn wììì ni a fi ẹ̀fọn kún un. Àfiwé ni ó ń jẹ́ kí etí olùkà gbọ́ ohun tí etí òǹkọ̀wé gbọ́.

(iii) Òǹkọ̀wé kò sọ pé 'òun náà nìyẹn' nígbà gbogbo. 'Ni kí a fura sí' àti 'ó ṣeé ṣe' ni ó lò níbi tí ariwo kan bá lè ní ju ìdí kan lọ. Má ṣe fi ìdánilójú bo àìdánilójú mọ́lẹ̀.

(iv) Ọ̀rọ̀ àyálò ni ẹ́ńjìnnì, gíríìsì àti pùrọ̀pẹ́là. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí o bá kọ wọ́n gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń pè wọ́n, tí o sì ṣàlàyé èyí tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n 'mọ́tò náà ń make noise' kì í ṣe Yorùbá. Yóò gba máàkì lọ́wọ́ rẹ.

(v) Òwe méjì péré ni ó wà nínú àròkọ yìí, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lópin. Òwe tó pọ̀ jù a máa bo àlàyé mọ́lẹ̀.

Ẹ. IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ọkọ̀ kan ń dún gìrìgìrì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì nìkan. Lo ìró, ìgbà, ibi àti ìdí láti kọ ìpínrọ̀ kan lórí rẹ̀. Bi mẹkáníìkì àdúgbò rẹ léèrè kí o tó kọ ìdí.

2. Tún gbólóhùn yìí kọ kí ó lè wúlò fún olùkà: 'Ọkọ̀ náà kò dára, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.'

3. Ṣe ìlapa èrò fún àròkọ yìí: 'Bí a ṣe lè mọ ẹ̀rọ ìránṣọ tó fẹ́ bàjẹ́.'

4. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì àlòkù, kí o sì ṣàlàyé ohun márùn-ún tó yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó sanwó. Má gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n: 'ẹ' ni wàá lò, kì í ṣe 'o'.