Ẹsẹ̀ Ọmọ Là Ń Wò Kí Á Tó Mú Ọ̀nà Pọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń gbé ní Peckham, ọgbà Peckham Rye ti jìnnà tó. Ọ̀kẹ́rẹ́ kún ibẹ̀. Bí ọmọ bá dúró tó ń wo ọ̀kan bó ṣe ń gun igi lọ tó ń sọ̀ bọ̀, ó ti rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ kò ju èyí lọ: ẹ má fi ẹsẹ̀ tiyín díwọ̀n òde ọmọ.

Ìsinmi ilé ìwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ìparí oṣù Keje títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. A mọ bó ṣe máa ń rí nínú ilé wa. Ìyá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, bàbá ń jáde nídàájí, ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá kò mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbì kankan, ọmọ jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Òbí á wá máa ṣa owó jọ de ọjọ́ ńlá kan ṣoṣo, wọ́n á lọ sí ibi ìṣeré olówó gọbọi, wọ́n á tò lórí ìlà títí oorun á fi gbé ọmọ lọ. N kò ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé òde kékeré lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ṣe ọmọ lóore jù ú lọ, kò sì ní fa àpò ya.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, DLR àti Overground, àgbàlagbà kan tó sanwó tirẹ̀ lè mú ọmọ mẹ́rin bẹ́ẹ̀ dání lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ gan-an lè jẹ́ òde. DLR ló dùn mọ́ ọmọdé jù, torí kọ̀ǹpútà ló ń wà á. Kò sí yàrá awakọ̀ tó dí ojú níwájú. Ọmọ á jókòó sídìí fèrèsé iwájú, á máa ṣe bí ẹni pé òun ló ń wà á láti Bank títí dé Island Gardens.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà abẹ́ odò tí wọ́n là gba ìsàlẹ̀ Thames kọjá sí Greenwich wà nítòsí. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ sì tó mítà 370. Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, òun lẹ ó sì gbà bí ẹ̀rọ agbéniròkè kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, torí náà kẹ̀kẹ́ ọmọ tó fúyẹ́ ni kí ẹ mú dání. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, atẹ́gùn tútù ló máa kọ́kọ́ pàdé yín, bó ti wù kí oòrùn máa mú tó lókè. Ògiri funfun ló yí yín ká, ohùn sì ń dún padà. Kò sọ́mọ tó débẹ̀ tí kì í pariwo. Ẹ má bá a wí. Ẹ fi oríkì rẹ̀ pè é, “Àdùnní o!”, kó gbọ́ bí oríkì òun ṣe ń lọ jìnnà kó tó padà wá bá a. Níbi tí ẹ máa jáde sí, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ Cutty Sark ló wà níwájú yín. Ẹ wò ó láti ìta, ẹ wá ibi jókòó, ẹ jẹun, kí ẹ máa lọ sílé. Ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ “ó ti tó” yìí ló ṣòro fún wa jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Torí pé ọ̀fẹ́ ni Natural History Museum ní South Kensington, òbí á fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọmọ á ti bú sẹ́kún kí wọ́n tó dé ìdajì. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ débẹ̀ ní aago mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ dúró lábẹ́ egungun àbùùbùtán tí wọ́n so rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ó gùn tó mítà 25. Kí ọmọ ka eegun ìhà rẹ̀ dé ibi tí ó bá lè kà á dé, lẹ́yìn náà kí ẹ jáde. Ìyókù á dúró dè yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni British Museum. Ọwọ́ wọn ni ère orí Ifẹ̀ kan wà, lára àwọn tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Ó ń dun ọ̀pọ̀ wa pé ibẹ̀ ló wà, ó ń dun èmi náà. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò yẹ kó dàgbà láìfojú kàn án. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ lọ tààrà sí yàrá 25 nísàlẹ̀, níbi tí nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ gbé ọmọ sókè kó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ni.

Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń tọ́jú wọn, Mudchute Farm dára fún un, orí DLR kan náà ló wà. Ewúrẹ́ àti àgùntàn wà níbẹ̀, wọn kì í gbowó ìwọlé. Níbẹ̀, ìyá àgbà ni olùkọ́.

Ní ti oúnjẹ, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ bu jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fláàsì, ẹ di dòdò àti ẹyin sísè, ẹ gbé omi tó pọ̀. Kí ẹ ti jọ fẹnu kò láti ilé bóyá ẹ máa ra áísìkiríìmù tàbí ẹ kò ní rà á, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ má fojú kéré oòrùn ìlú yìí pẹ̀lú: ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, 2022, ooru kọjá ìwọ̀n 40 ní Heathrow. Awọ dúdú náà ń jó; ẹ dé fìlà fún ọmọ, ẹ fi ìpara oòrùn ra etí àti ọrùn rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ orúkọ ìyá wọn. “Mọ́mì” ni wọ́n mọ̀, tàbí “Mama Tóbi” tí àwọn aládùúgbò ń pè é. Bí ọmọ bá sọnù láàárín èrò, tí ọlọ́pàá bi í léèrè, kí ló fẹ́ sọ? Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ yín gan-an, èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára bébà, ẹ so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí ẹ lè rántí aṣọ tó wọ̀. Ẹ sọ fún un pé bí kò bá rí yín mọ́, kó dúró síbi tó wà, kó má rìn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àyè bá wà fún yín, ẹ mú ọmọ aládùúgbò yín tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ dání, kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun sùn. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ìyá náà, ẹ bi í bóyá oúnjẹ kan wà tí ọmọ rẹ̀ kì í jẹ, kí ẹ sì dá a padà kó tó di àkókò tí ìyá ń lọ síbi iṣẹ́.