Wáyà

Irin tàbí bàbà tí wọ́n fà títí tó fi tín-ín-rín ni wáyà. Wọ́n á ki ọ̀pá bàbà bọ ihò kékeré, wọ́n á fà á jáde lódì kejì. Wọ́n á tún ki í bọ ihò tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó ṣe ń gùn sí i ló ń tín-ín-rín sí i.

Àwọn kọ́lékọ́lé ń fi wáyà de irin dẹ́kì. Ọdẹ ń fi í dẹ pańpẹ́, àwa náà ń sá aṣọ sí i. Ní ti wáyà ẹlẹ́gùn-ún orí fẹ́ǹsì, ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Glidden, gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ lọ́dún 1874. Màlúù ló tìtorí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe olè. Bí àgbàlagbà bá sì ní òun “tẹ wáyà” síni, tẹlígíráàmù ló ń wí. Wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dé Èkó láti ọdún 1886.

Wáyà iná ló yẹ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò, torí inú ògiri ló wà, ojú wa kò tó o. Bàbà ló wà nínú, rọ́bà ló bò ó. Iná ń gba inú bàbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà kì í jẹ́ kó kọjá. Nọ́mbà ara wáyà ń sọ bí bàbà rẹ̀ ṣe nípọn tó. Wọ́n sábà ń fi 1.5 ṣe ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Kẹ́tù oníná 2000 wáàtì ń fa iná tó ti gílóòbù 60 wáàtì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹ wá ki kẹ́tù, áyọ́ọ̀nù àti hòtípléètì bọ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín: wáyà á gbóná, rọ́bà á yọ́, bàbà méjì á fara kanra, iná á sì ṣẹ́ yọ. Fíúùsì ló yẹ kó ti já kó tó dà bẹ́ẹ̀. Wáyà ni òun náà. Wọ́n dìídì ṣe é kó lè tètè yọ́ ni. Àwọn kan á fi wáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀ kó má baà já mọ́. Lóòótọ́ kò ní já mọ́. Ilé ló máa jó.

Bí ẹ bá fẹ́ ra wáyà, ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín, kí ẹ fi bíléèdì ha ara bàbà rẹ̀. Bí inú bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti so ó pọ̀ ń tètè gbóná. (Alumíníọ́mù ni ọ̀pọ̀ wáyà orí òpó iná lóòótọ́, àmọ́ tiwọn nípọn dáadáa.) Èyí tó bá pupa dénú ni kí ẹ sanwó lé lórí.