Kámẹ́rà Tí Yóò Rí Ojú Ẹlẹ́ṣin Lókèèrè

Ọmọ àbúrò mi,

Mo rí àwòrán kámẹ́rà mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀ fún mi lórí fóònù. O ní tí ọdún Ojúde Ọba tó ń bọ̀ yìí bá dé ní Ìjẹ̀bú-Òde, o kò fẹ́ dúró sẹ́yìn èrò kí o máa na fóònù sókè mọ́. Owó tí o ti ń tọ́jú láti èṣí kò pọ̀, ṣùgbọ́n o fẹ́ ohun tí yóò fa ojú ẹlẹ́ṣin wá bá ọ níbi tí wọ́n bá ti fún ọ láyè dúró. Fọ́tò yíyà ni mo fi jẹun fún ogójì ọdún, nítorí náà jókòó kí n sọ èyí tí mo mọ̀ fún ọ.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé kámẹ́rà tí nọ́ńbà ara rẹ̀ pọ̀ jù ni o fi ṣe àkọ́kọ́. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti jẹ èmi náà níyà rí. Ní ọdún 2006 ni mo ra kámẹ́rà dígítà mi àkọ́kọ́. Wọ́n kọ 12x gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ẹni tó tà á fún mi sì ní mo lè dúró ní ìdí òpópó kí n ya ẹni tó wà lórí rẹ̀. Mo gbé e lọ síbi ìsìnkú bàbá kan ní àdúgbò wa. Èrò pọ̀, n kò ráyè dé ẹ̀gbẹ́ sàréè. Mo bá dúró lókèèrè, mo fa súùmù náà débi tó lè dé, mo ya opó bàbá náà bó ṣe ń bu yẹ̀pẹ̀ sínú ilẹ̀. Nínú kámẹ́rà, ó dára lójú mi. Ìyá opó náà ní kí n tẹ̀ ẹ́ tóbi kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ojú ìyá ti di ègé ègé bíi táìlì ilé ìwẹ̀, a kò lè mọ imú yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. A kì í sì í pe èrò padà wá tún ìsìnkú ṣe nítorí fọ́tò. Títí ìyá náà fi lọ bá ọkọ rẹ̀, n kò rí àwòrán yẹn fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo tó ka lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ páálí: optical zoom 3x, digital zoom 4x. Wọ́n fi mẹ́rin ṣe ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n pè é ní 12. Optical zoom ni èyí tí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwọn gíláàsì inú rẹ̀ á sún síwájú sẹ́yìn títí ohun tó jìnnà yóò fi kún ojú sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán láti etí dé etí. Digital zoom kò fa nǹkan kan mọ́ra. Ó kàn gé àárín àwòrán, ó wá fẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí o bá fi ìka méjì na fọ́tò lórí fóònù. Bí kámẹ́rà bá ní 20 megapixel, tí digital zoom bá fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 2, 5 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ. Tó bá fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 4, ó ku 1 àti díẹ̀. Létí Yorùbá, súùmù dún bíi "sún mọ́", mo sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, torí lẹ́ǹsì nìkan ló ń sún mọ́ nǹkan ní tòótọ́. Kámẹ́rà yòówù kí o rà, wọ inú mẹ́nù rẹ̀ kí o pa digital zoom. Bí o bá fẹ́ gé àwòrán, gé e nílé, níbi tí ojú rẹ ti lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe.

Padà wo èyí tí o fi ṣe àkọ́kọ́, èyí tí kò lórúkọ tí a mọ̀, tí owó rẹ̀ kéré jù, tí wọ́n kọ 48 megapixel àti 16x sí lára. Ka ìwé rẹ̀ dáadáa: digital ni gbogbo 16x yẹn. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í sún rárá. Fóònù ọwọ́ rẹ ò kéré sí i. Yọ ọ́ kúrò.

Ó ku Canon PowerShot SX740 HS àti Panasonic FZ300 tòkunbọ̀. O ní Canon jẹ́ 40x, Panasonic sì jẹ́ 24x, nítorí náà Canon ló ju èkejì lọ. Dúró ná. 40x kò sọ pé yóò fa nǹkan sún mọ́ ọ ní ìlọ́po 40 ju bí ojú rẹ ṣe rí i lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ibi tí lẹ́ǹsì náà gùn dé jẹ́ ìlọ́po 40 ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Canon yẹn bẹ̀rẹ̀ ní mílímítà 24, ó parí ní 960. Panasonic bẹ̀rẹ̀ ní 25, ó parí ní 600. Kámẹ́rà méjì lè jọ jẹ́ 20x, kí ọ̀kan lọ láti 24 dé 480, kí èkejì lọ láti 36 dé 720. Mílímítà tó gbẹ̀yìn ni kí o máa béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Lára lẹ́ǹsì Canon náà, 4.3 sí 172 ni wàá bá níbẹ̀. Má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Iye tí a fi wé kámẹ́rà fíìmù 35mm ni mo ń kà fún ọ.

Mílímítà mélòó ni yóò tó fún ọ? Ká ní ẹlẹ́ṣin wà ní mítà 20 sí ọ. Ní nǹkan bí 200, ẹṣin àti ẹni tó gùn ún yóò wọ inú àwòrán tán. Ní 600, láti àyà dé fìlà ni wàá rí. 960 yóò mú orí àti èjìká, ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni o fẹ́ ya orí láìsí ẹṣin, láìsí aṣọ, láìsí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹṣin? Fún Ojúde Ọba, 600 tó, ó tún ṣẹ́kù. Àwọn tó ń lé Nikon P1000 tó dé 3000, ẹyẹ àti òṣùpá ni wọ́n ń yà. Kámẹ́rà yẹn ju kílò kan lọ, owó rẹ kò sì lè gbé e.

Ohun tí ọlọ́jà kì í sọ ni ìmọ́lẹ̀. Bí lẹ́ǹsì Canon náà ti ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń há, títí yóò fi di f/6.9. Ti Panasonic dúró ní f/2.8 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó o bá fa àwọn méjèèjì dé òpin, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ Panasonic tó ìlọ́po mẹ́fà ti Canon. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún ọ, nítorí ẹṣin kì í dúró. Bí lẹ́ǹsì bá ti gùn báyìí, gbígbọ̀n ọwọ́ díẹ̀ ń ba àwòrán jẹ́. Inú kámẹ́rà méjèèjì ni ohun tó ń mú ọwọ́ dúró wà, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹṣin dúró. 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ni mo máa ń fún ohun tó ń sáré. Lọ́sàn-án gangan, Canon lè ṣe é. Tí òjò bá ṣú, tàbí tí ìrọ̀lẹ́ bá dé tí ìlú ṣì ń dún lábẹ́ kánópì, àwòrán rẹ̀ yóò kún fún hóró hóró bí ẹni da gaàrí sí i.

Panasonic tún ní ojú ihò tí a ń wò, Canon kò ní in. Nínú oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà yóò máa dán bíi dígí, o ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n sì ṣe ara Panasonic náà kí eruku àti omi má tètè wọ̀ ọ́, pátákò ẹṣin kò sì ní yéé tú eruku lọ́jọ́ yẹn. Kò ṣeé kì bọ àpò bíi Canon, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni èmi yóò rà.

Tòkunbọ̀ ni ṣá, ọdún 2015 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin. Fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan inú lẹ́ǹsì. Tí o bá rí ohun tó ta bí okùn aláǹtakùn, ebu ni, ọ̀rinrin ojú ọjọ́ wa ló ń fà á, kò sì rọrùn láti nù. Fa súùmù jáde kí o tún dá a padà nígbà mẹ́wàá, kí o gbọ́ bóyá iyanrìn ń dún nínú rẹ̀. Wo bátìrì rẹ̀ bóyá ó ti wú.

Mú mẹ́mórì káàdì tìrẹ dání. Jáde síta ṣọ́ọ̀bù, wá pátákó tó jìnnà tí ó ní nọ́ńbà fóònù kéékèèké, fa lẹ́ǹsì dé òpin, kí o yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Mo ń dúró nídìí fóònù.