Yìnyín Kọ́ Ni Gbogbo Ohun Tó Dì

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ni ó ń ròyìn Erin Pettit, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, tí ó ní "yìnyín" ni obìnrin náà ń ṣèwádìí, àti pé orí "yìnyín" ni ó ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà gún mi létí. Yìnyín tí àwọn baba wa mọ̀, òjò àkọ́rọ̀ ni ó máa ń bá wá, a máa lu òrùlé, àwọn ọmọdé a sì máa dù ú ṣà kí ó tó yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì kò da ọ̀rọ̀ yìí rú: èyí tí ó run ohun ọ̀gbìn Íjíbítì nínú Ẹ́kísódù, yìnyín ni wọ́n pè é, èyí tí ó funfun nínú Àìsáyà, wọ́n wo "dì" tí ẹ̀kọ ń dì nínú ewé, tí epo ń dì nígbà ọyẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dì lójú ọgbẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní òjò dídì. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn.

Ìran òjò dídì sì ni ohun tí Pettit ń ṣèwádìí: ti ọdún yìí rọ̀ lé ti èṣí, ti èṣí tẹ ti ìdúnta mọ́lẹ̀, títí ìwúwo fi fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ di òkìtì líle bí àpáta, tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, tí ó sì ń ti orí òkè ṣàn wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀ bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ti ń wọgbà. Lábẹ́ omi òkun Alaska, obìnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ gbọ́ ariwo afẹ́fẹ́ àtijọ́ náà bí ó ti ń bẹ́ jáde nígbà tí òkìtì náà ń yọ́. Yìnyín wo ni ó pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀?

Ní 1999 ni òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lọ sórí òkìtì South Cascade, ní ìpínlẹ̀ Washington, láìgba kọ́bọ̀. Títí di òní, àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 ń so okùn mọ́ra wọn rìn lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀, wọ́n ń yẹra fún ọ̀gbun tí ṣíṣàn rẹ̀ là sí i lára, wọ́n ń gbé ìbéèrè tiwọn kalẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn wọn ohun tí yóò dáhùn rẹ̀.

Mo gbà pé "yìnyín" ti borí. Ẹni tí ń ra yìnyín sínú omi mu lọ́jà kò ní í dá orúkọ náà padà fún òjò àkọ́rọ̀ mọ́. Kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún èyí tí ó wà lórí òkè, ẹ jẹ́ kí á máa wí pé yìnyín aṣàn, nítorí ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ yóò béèrè bí ohun líle ṣe ń ṣàn, ìbéèrè tí Pettit fẹ́ kí àwọn ọmọ tirẹ̀ gun òkè lọ bi.