Irorẹ́ Ojú Àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀



Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ sí ọ̀dọ́ tí irorẹ́ bá kún ojú rẹ̀. Wọ́n á ní nítorí pé kò tíì mọ ọkùnrin tàbí obìnrin ni, pé bí ó bá ti ṣe é, irorẹ́ á lọ. Irọ́ ni, ẹni tí ó bá sì fi irọ́ yìí ti ọmọlàkejì rẹ̀ sínú sìná kò ṣe é lóore. Àwọn mìíràn á ní ìdọ̀tí ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí wọ́n ń bá wí ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́.

Inú ara ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá jẹun, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ara kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kí ó lè wọ inú ẹran ara, kí ó di agbára. Ní ara ẹlòmíràn, ẹran ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì dáadáa mọ́, ara á wá máa tú u jáde sí i. Bí ìyá tí ó ń pe ọmọ tí ọmọ kò dáhùn ni, ohùn á máa ròkè.

Ínsúlínì àpọ̀jù yìí a máa ru àwọn omi ara mìíràn sókè, pàápàá èyí tí ń mú ọkùnrin hu irùngbọ̀n, tí ó wà lára obìnrin náà níwọ̀nba. Awọ á wá máa sun òróró púpọ̀, ihò irun á dí, kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ibẹ̀ á pọ̀ sí i, ojú á wú, á sì gba ọyún. Ìgbà ìbàlágà fúnra rẹ̀ a máa dín ìgbọràn ara sí ínsúlínì kù fún ìgbà díẹ̀. Irorẹ́ tún ń tẹ̀lé ìdílé, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni oúnjẹ ń fà.

Ní 2002, àwọn olùwádìí kọ̀wé nípa àwọn ará erékùṣù Kitava ní Papua New Guinea, tí wọ́n ń jẹ iṣu, ọ̀dùnkún, èso, àgbọn àti ẹja. Nínú ènìyàn 1,200 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò rí irorẹ́ lára ẹnì kan. (Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣu wà níbẹ̀ o! N kò bá iṣu jà.) Ní 2007, ní Australia, wọ́n dán an wò lára ọ̀dọ́kùnrin 43. Àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí kì í tètè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè fún ọ̀sẹ̀ 12 rí i pé irorẹ́ wọn dín kù ju ti àwọn yòókù lọ.

Ohun tí mo ń bá jà ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì funfun, pàápàá nígbà ìṣínu. A ó gba ààwẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, àmọ́ kí a tó kírun Mọ̀gáríbì tán, ìgò méjì ti ṣófo. Ọlọ́hun sì ti kọ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu fún wa nínú Suratul A'raf, àáyà 31. Dàbínù díẹ̀ àti omi tó láti fi ṣínu, bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ nínú àwo. Ìpara abóra kò wo irorẹ́. Òmíràn tilẹ̀ ń fà á.

Bí awọ ọrùn tàbí abíyá ẹnì kan bá dúdú tí ó sì nípọn, ó lè jẹ́ àmì ínsúlínì yìí, a kì í sì fi kànìnkànìn bó o. Ẹ̀yin arábìnrin, bí nǹkan oṣù yín kò bá ń wá déédéé, tí irun ń hù ní àgbọ̀n, tí irorẹ́ kò sì lọ, ẹ tètè lọ rí dókítà kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ béèrè fún dókítà obìnrin.