Ìjókòó Ọmọ tí Ń Ṣàìsàn



Nígbà tí a bá ń pe orúkọ nínú kíláàsì, tí a sì dé orí orúkọ kan tí kò sí ẹni tí ó dáhùn, kí ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣe? Ọmọ tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà ni a fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgbàlagbà nìkan ni jẹjẹrẹ ń mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó ń mú ní gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni a ń pè ní Burkitt, nítorí Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ kan ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Ó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, eyín a sì máa mì. Nígbà mìíràn ikùn ni ó ń wú. Ó ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá rí irú wíwú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé eyín lásán ni ó ń dun ọmọ náà. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń rí? Ní òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì yóò wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. Wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀. Oògùn a sì máa kán wọ inú iṣan ọwọ́ rẹ̀. Èébì a máa gbé e, ẹnu rẹ̀ a di egbò, oúnjẹ a sú u, irun orí rẹ̀ a sì re dànù. Ṣùgbọ́n bí ara bá rọ̀ ọ́ díẹ̀, yóò ní kí ìyá òun pa àlọ́ fún òun. Yóò fẹ́ ṣeré. Yóò fẹ́ mọ ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kàwé dé. Ọmọdé ni ó ṣì jẹ́.

Ibi tí ewu wà nìyí. Lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, wíwú náà lè fà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Òbí yóò dúpẹ́, owó yóò sì ti tán lọ́wọ́ wọn; wọn a gbé ọmọ lọ sílé, wọn kò sì ní padà wá. Àrùn náà ni yóò padà. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀, ó ju 80 nínú 100 ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ tí ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀, wọn kò tó 30. Pípẹ́ kí a tó dé ilé ìwòsàn, àti àìparí ìtọ́jú, wà lára ohun tí ó fà á.

Kí wá ni iṣẹ́ olùkọ́? Ìkíní, kí ó lọ kí àwọn òbí, kí ó sì bi wọ́n ní ọjọ́ tí oníṣègùn ní kí wọ́n padà. Ìkejì, kí ó kọ́ kíláàsì pé jẹjẹrẹ kì í ràn, àti pé irun yóò tún hù, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ọmọ náà ní apárí. Ìkẹta, oògùn náà ń dín agbára ara rẹ̀ láti bá àrùn mìíràn jà kù. Nítorí náà, kí gbogbo ọmọ máa fọ ọwọ́, bí àrùn tí ń ràn bá sì wọ kíláàsì, kí a tètè ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìkẹrin, kí a má fi ìjókòó rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí a sì máa fi ẹ̀kọ́ díẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìjókòó òun ṣì ń dúró de òun ní ìdí láti fara da abẹ́rẹ́ ọ̀la. Ẹ̀yin ará, nígbà tí àwa náà bá di olùkọ́, tí a pe orúkọ kan tí a kò gbọ́ ìdáhùn, kí a má kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé kò wá. Ẹ jẹ́ kí a wá a lọ.